Àǹtí Àlùmọ́gàjí àti Ọrùn Ẹ̀wù

Ọmọ ìyá kan náà ni èmi àti aránṣọ tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Àǹtí Àlùmọ́gàjí. Òun ni ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́jọ ló ti fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní aṣọ rírán lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Sátidé, èmi ni mo sì máa ń wà nídìí kámẹ́rà. Níbi iṣẹ́, ọ̀gá ni mo ń pè é. Òun kì í fi tiẹ̀ pa mọ́: lójú gbogbo ayé lá ti ní kí àbúrò òun sún kámẹ́rà mọ́ ọwọ́ òun, ṣé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fẹ́ wò ni àbí imú òun.

Ìjọ̀ngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀wù ọlọ́rùn róbótó. Ó ní ẹni tó bá ti gé ọrùn tán, ìyókù á rọrùn. Ọ̀rọ̀ aránṣọ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olórí ìjọba kéde pé òun ò tíì fẹ́ kúrò lórí àga. Ẹnì kan lọ́fíìsì àwọn tó ń yẹ ètò wò gbọ́ "gé ọrùn", àyà rẹ̀ já. Ẹni tí ejò bù jẹ rí ló ń sá fún ekòló. Àwọn wọ̀nyí, ejò ò bù wọ́n jẹ rí, ekòló ni wọ́n ń gbé igi lé kiri.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n rán bàbá kan sí wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, á bèèrè àlàáfíà ọmọ ẹni kó tó jókòó. Ṣùgbọ́n bírò pupa ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi, la bá sọ ọ́ ní Bírò Pupa. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ sọ, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ó fagi lé "ọrùn". Ó fagi lé "gé". Nígbà tó kan "aṣọ yìí ti gbó, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀", bó ṣe fa ìlà náà, díẹ̀ ló kù kí ìwé ya. Ó ní dípò "gé ọrùn", kó máa wí pé "mú ibi òkè kúrò".

Ẹ̀gbọ́n mi gbà, kí iṣẹ́ má bàa dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá kan kọ lẹ́tà. Ó ní òun mú ibi òkè kúrò bí wọ́n ṣe wí, òun sì gé èjìká méjèèjì yúnífọ́ọ̀mù ọmọ òun dànù. Kò bínú, ó kàn ń bèèrè ibi tí òun ti ṣì í. Ẹ̀gbọ́n mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e lé itan. Mi ò rí i kí iṣẹ́ rẹ̀ tì í lójú rí.

"Obìnrin yìí gbà mí gbọ́," ló wí. "Èmi ni mo bà á láṣọ jẹ́."

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó na ìwé sí Bírò Pupa. Bàbá yẹ iwájú wò, ó yẹ ẹ̀yìn wò. Òfìfo.

"Màdáámú, kò sí ọ̀rọ̀ níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

Òfin ní kó fagi lé ọ̀rọ̀ tí kò dáa. Òfin ò sọ ohun tó máa ṣe sí ìwé tí kò ní ọ̀rọ̀. Ó rò ó títí, ó fọwọ́ sí i.

Aago mẹ́rin lù, iná tàn, ẹ̀gbọ́n mi sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ́ni láìlanu. Ó ṣẹ́ aṣọ po sí méjì, ó ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin. Ó na téèpù, ó nàka sí nọ́ńbà, ó dúró kí ará ilé lè wọn tirẹ̀. Ibi tó bá ṣòro, á ṣe é, á tú u, á tún un ṣe. Nígbà tó kan ọrùn, ó fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà róbótó sára aṣọ, ó gbójú sókè wo kámẹ́rà, ó sì gé e. Mo sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Orí mi wú débi pé ojú mi ń ṣe bàìbàì. Mo bojú wẹ̀yìn: Bírò Pupa ti ṣí bírò rẹ̀, kò rí ibi tó máa fi sí.

Lẹ́tà kún àpò méjì lọ́sẹ̀ yẹn. Olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití fi fọ́tò ránṣẹ́: ọmọbìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kálukú nínú ẹ̀wù ọlọ́rùn róbótó tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń wo ètò náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni ò bi òun pé kí ló wí.

Ọ́fíìsì kọ̀wé pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lòdì sófin, dandan ni kó sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fèsì pé òun á sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà kí òun pe ọrùn ní ọrùn. Sátidé mẹ́rin ló fi dákẹ́ sí i. Ní ìkarùn-ún, Bírò Pupa fúnra rẹ̀ mú ìwé wá, òǹtẹ̀ mẹ́ta lórí rẹ̀, ìlà kan péré: A fàyè gba ọrùn. Bàbá kò lọ bọ̀rọ̀. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní ìyàwó òun ń bèèrè ìgbà tí wọ́n máa dé orí apá ẹ̀wù.

Títí dòní, ọwọ́ nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń kọ́ni fún ìdajì àkókò rẹ̀, nítorí àwọn ọmọbìnrin yẹn. Ìdajì yòókù, á máa sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú. Àwọn èèyàn a máa dá mi dúró ní títì, wọ́n á fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni àbúrò Àǹtí Àlùmọ́gàjí. Wọn kì í bèèrè tán tí mo fi ń dáhùn pé èmi ni.