Abọ́ Sáfárànì Ìyàwó Kékeré

Owú tí Golandam jẹ nígbà ìkórè ọdún yẹn, gbogbo àdúgbò ló rí i lójú rẹ̀, àfi àwọn ará ilé rẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa. Ohun tí n kò fojú ara mi rí níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti rọlẹ̀.

Ìyàwó àkọ́bí ọmọkùnrin ni Golandam nílé Bíbì Khavar. Bíbì là ń pe àgbà obìnrin tó bá níyì lọ́dọ̀ wa, tó bá sì di ọ̀rọ̀ sáfárànì, èròjà pupa olóòórùn dídùn tí à ń mú jáde nínú òdòdó, kò sí obìnrin tó níyì tó o ní gbogbo abúlé tó yí ìlú Torbat ká. Golandam ti bímọ sílé náà, àwọn ọmọ ti ń dàgbà, irun rẹ̀ ti ń funfun, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ kò fìgbà kan jókòó tì í kó ní, "Wò ó, ọmọ mi, báyìí la ṣe ń ṣe é." Ńṣe ni ìyá náà máa ń kẹ̀yìn sí i bó bá fẹ́ lọ sáfárànì nínú odó. Yíyọjú ni Golandam ń yọjú wò ó títí tó fi mọ iṣẹ́ náà dunjú. Síbẹ̀, bó bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, Bíbì á jẹ ẹ́ tán, á nu ẹnu, á ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ó parí nìyẹn.

Ìgbà tó yá ni Behzad, àbígbẹ̀yìn Bíbì, gbé Sudabe níyàwó wá láti Rasht, létí òkun, níbi tí òjò àti ẹja pọ̀ sí, tí wọn kì í gbin sáfárànì rárá. Ọmọ ẹlẹ́rìn-ín ni. Àárọ̀ ọjọ́ ìkórè àkọ́kọ́, oòrùn ti yọ kó tó dé oko, ó ń yán, ó ń na ara.

"Ìyá, ṣé òdòdó yìí ò lè dúró de èèyàn ni?"

Bíbì Khavar bú sẹ́rìn-ín. Golandam tó bẹ̀rẹ̀ sídìí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbé orí sókè. Kò mọ̀ pé irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ wà nínú obìnrin yẹn.

"Kò lè dúró, ìyàwó mi. Kó tó lajú tán la ti ń já a. Bí oòrùn bá ti pa á, ó ti rọ nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n jókòó yí òkìtì òdòdó elése àlùkò náà ká. Bíbì di ọwọ́ Sudabe mú, ó fi hàn án bó ṣe máa la òdòdó náà.

"Okùn pupa mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Òun nìkan la fẹ́. Já ìsàlẹ̀ tó funfun yẹn sọnù, kò ní òórùn."

"Okùn mẹ́ta péré nínú odidi òdòdó? Háà, Ìyá, iṣẹ́ yín yìí mà le o!"

"Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í bù ú bí iyọ̀."

Golandam ní, "Ẹ rọra kọ́ ọ o, Ìyá, orí ẹ̀ ò gbọdọ̀ kún jù, kó má lọ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ha ìpẹ́ ẹja." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Golandam kò fi ṣeré.

Nígbà tí wọ́n yan okùn pupa náà gbẹ, ẹ̀kọ́ mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ nílé ìdáná. Golandam gbé àwo tíì dání, ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ ohùn ìyá ọkọ rẹ̀.

"Fi ṣúgà díẹ̀ sí i kó tó wọ odó, kó lè kúnná bí àtíkè. Má da omi tó ń hó sí i láéláé, òórùn ẹ̀ á kú. Gbé yìnyín lé e lórí, kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, á fa àwọ̀ náà jáde. Wá bo abọ́ náà, má máa ṣí i wò kiri. Tí ìrẹsì bá jinná tán lo tó máa da díẹ̀ lé e lórí. Tó o bá sì fẹ́ kí èépá ìsàlẹ̀ ìkòkò pọ́n dáadáa, da díẹ̀ mọ́ òróró kó o tó kó ìrẹsì lé e."

Ohun tí Golandam fi ọdún gbọọrọ jí wò, ṣíbí ni wọ́n fi ń bù ú sí ẹlòmíì lẹ́nu. Ó bá ọkọ rẹ̀, Morad, sọ ọ́.

"Ìyá yín ń kọ́ ìyàwó Behzad ní sáfárànì."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwọ ṣáà ti mọ̀ ọ́n."

"Ta ló kọ́ mi?"

"Golandam, jọ̀ọ́. Ẹ̀yìn ń ro mí."

Láti ìgbà tí òtútù àyà ti dá Bíbì dùbúlẹ̀ tó sì tún dìde, ló ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, òun á se ṣólè fún gbogbo àdúgbò. Ìrẹsì la ń sè títí á fi yọ́, a ó wá fi ṣúgà, omi òdòdó róòsì àti sáfárànì sí i. Golandam ló máa ń lọ sáfárànì rẹ̀. Lọ́dún yìí, Bíbì dìde láàárín gbogbo ilé, ó ní, "Sáfárànì tòní, ọwọ́ Sudabe ló máa ti wá. Golandam, ìwọ máa ro ìkòkò."

Golandam ní bí ẹni gbé ẹyin iná sí òun láyà ló rí.

Sudabe lọ sáfárànì, ó gbé yìnyín lé e, ó bo abọ́, ó jáde lọ fọ àwọn abọ́ àlejò. Golandam wọlé. Ó da omi pupa náà sínú ife, ó gbé ife pamọ́ sínú yàrá rẹ̀. Ó wá da omi òdòdó ayédèrú sínú abọ́, irú èyí tí àwọn oníjìbìtì fi ń tan àlejò lọ́jà: àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ jọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní òórùn kankan. Ó mọ̀ pé bí Bíbì bá ṣí abọ́ náà, imú rẹ̀ á sọ fún un kíá, á sì pariwo. Kí ọmọ Rasht máa lọ bá ẹja rẹ̀.

Sudabe gbé abọ́ wá. Bíbì ṣí i, ó fi imú sí i, ó di ojú.

"Áà! Gbọ́ òórùn! Gbogbo ilé ti ń ta sánsán. O káre, ìyàwó mi." Ó dà á sínú ìkòkò.

Ìgbákọ dúró lọ́wọ́ Golandam. Ó wo ojú ìyá náà, kò rí àwàdà níbẹ̀. Ó wá rántí ìrẹsì tó jó lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí Bíbì jókòó tì í láìmọ̀ títí èéfín fi wọ̀ ọ́ lójú. Ó rántí bó ṣe ń sọ lójoojúmọ́ pé, "Sudabe, bá mi gbọ́ òórùn wàrà yìí wò."

Bíbì jáde lọ kí àwọn àlejò. Sudabe sún mọ́ ìdí ìkòkò, omi ti ń lé ròrò lójú rẹ̀.

"Ìyálé mi, ẹ má bínú. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí? Mi ò gbọ́ òórùn kankan o. Ó jọ pé mo ti bà á jẹ́."

Golandam la ẹnu láti ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti bà á jẹ́. Nǹkan mìíràn ló jáde.

"O ò bà á jẹ́. Èmi ni mo pààrọ̀ ẹ̀."

"Kí ni mo ṣe yín?"

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

Ó lọ gbé ife náà wá, ó dà á sínú ìkòkò, ó rò ó. Òórùn gbéra. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù. Gbogbo wa la jọ gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bíbì rí bí orí wa ṣe yí, ó wẹ̀yìn, ó rí ife lọ́wọ́ Golandam. Ó pè é sínú yàrá tí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun sí.

"Kí lo dà sínú ìkòkò mi?"

"Sáfárànì, Ìyá."

"Èyí tí mo ti kọ́kọ́ dà síbẹ̀ ńkọ́?"

"Kì í ṣe sáfárànì. Èmi ni mo pààrọ̀ ẹ̀."

Bíbì kò béèrè ìdí. Ó ní, "Ta ló tún mọ̀?"

"Mọ kí ni? Pé ẹ ò gbọ́ òórùn mọ́?"

Ìyá náà ti ilẹ̀kùn. "Òtútù àyà yẹn ló mú un lọ. Sáfárànì, ọṣẹ, èéfín, orí àwọn ọmọ ẹ, mi ò gbọ́ òórùn ìkankan mọ́."

"Ẹ ò sì sọ fún mi! Èmi tí mo wà nílé yìí!"

"Kí n sọ fún ìwọ? Ìgbà wo ni Morad jẹ ìrẹsì mi tí kò béèrè pé, 'Ṣé Golandam ló sè é?' Àwọn obìnrin á ní èmi làwọn wá kí, ojú wọn á máa wá ẹ nínú ilé ìdáná mi. Ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan. Tí mo bá ṣì í ṣe, kò ní mọ̀. Ìwọ á mọ̀."

"Ìyá, ẹ ń jowú mi?"

"Ṣé ìwọ nìkan lo rò pé ó lọ́kàn nílé yìí ni?"

Golandam jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. "Ẹ ò yìn mí rí," ó ní.

"Mi ò yìn ẹ́ rí. Ní báyìí, tí mo bá tiẹ̀ ní kí n yìn ẹ́, irọ́ ni màá máa pa."

Wọ́n jáde sí wa. Nígbà tí a jẹ ṣólè náà, tí ẹnì kan béèrè ẹni tó ṣe sáfárànì rẹ̀, Bíbì wo ìyàwó méjèèjì, ó ní, "Sudabe ló lọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé yìí, Golandam ni." Ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ, kò jáde mọ́ títí a fi túká.

Sudabe kò tètè dárí ji Golandam. Fún ìgbà pípẹ́, kò pè é ní ìyálé mọ́, "ẹ gba iyọ̀," "ẹ sún síbẹ̀" ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n Bíbì tí imú rẹ̀ ti kú kò lè kọ́ ọ mọ́, Golandam ló sì kù tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń ṣe é pọ̀, wọ́n ń jà nídìí ìkòkò kan náà, Bíbì sì ń gbọ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà, ó ń mu tíì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nígbà òtútù, Sudabe dá ìrẹsì sè. Èépá rẹ̀ pọ́n bíi wúrà, ó ń dún lẹ́nu. Morad lá ọwọ́, ó ní, "Golandam, má bínú o, tòní yìí ju tìẹ lọ."

Golandam wá sọ ọ́ fún mi láti òdìkejì ògiri wa, ó fi ìbòrí nu ojú.

"Bí ata ló rí nínú ojú mi," ó ní. "Ó ṣì ń ta mí di báyìí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, mo sì jẹ ẹ́ tán."