Ṣé Ó Dá Yín Lójú?

Kó má lọ sunkún o. Kó ṣáà má lọ sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn, kó wá gbé ojú pípọ́n wọlé padà, kí gbogbo wọn máa wò mí bí ẹni tó na ọmọ ọlọ́mọ. Ta ni mo nà? Ìbéèrè ni mo bi í. Ìbéèrè lásán! Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ pè mí nìyẹn — kí n bi wọ́n ní ohun tí olùyẹ̀wò ìjọba máa bi wọ́n lọ́jọ́ Ajé, kí n fajú ro bó ṣe máa fajú ro, kí n má rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ olóògùn yìí ló ní kí n wá múra àwọn sílẹ̀. Mò ń múra wọn sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí omijé lé ròrò sójú ẹ̀ níwájú èmi, kí ló fẹ́ ṣe níwájú olùyẹ̀wò?

Yàrá ìpàdé yìí mà tutù o. Wọ́n ti jáde lọ mu tíì, gbogbo wọn, èrúnrún bisikíìtì ló kù lórí tábìlì. Súwẹ́tà rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn àga. Ó sáré dìde tó bẹ́ẹ̀ tí kò rántí mú un. Lára ògiri, níbi tí ẹ̀rọ ń tanná sí, oògùn ikọ́ ọmọdé yẹn ṣì wà níbẹ̀ gbàgàdà: orúkọ, nọ́ńbà, èròjà, ìwọ̀n... Mi ò fẹ́ wò ó. Kí ni mo fẹ́ wò ó fún?

Kí ló tiẹ̀ le nínú ìlànà àkọsílẹ̀ oògùn tuntun yìí? Kò le. Oògùn kan, orúkọ kan, nọ́ńbà kan. Ohun tó wà nínú ẹ̀, ìwọ̀n tó wà nínú ẹ̀, ẹni tó ṣe é, ibi tó ti ṣe é. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ bákan náà níbi gbogbo, kí kọ̀ǹpútà ibí àti ti òkè òkun lè kà á bákan náà, kí dókítà kan má lọ rò pé oògùn méjì ni ẹyọ kan. Ó parí! Àmọ́ ilé iṣẹ́ yìí... háà. Ohun tó bá ti wù wọ́n ni wọ́n ń kọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Níbì kan, wọ́n á kọ "ìgò". Níbòmíì, wọ́n á kọ "ṣíbí". Ṣíbí wo? Ṣíbí tíì àbí ṣíbí ọbẹ̀? Kí ìyá ọlọ́mọ máa wá a kiri nínú kíṣìnnì, kó rọ ìlọ́po méjì sọ́mọ lẹ́nu, kí ọmọ sùn kó má lè jí? Nítorí àwọn ọmọ yẹn ni mo ṣe ń le. Mo sọ ọ́ fún wọn láàárọ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó dùn-ún gbọ́ gan-an. Oníbàtà-ṣóńṣó, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó níwájú, tiẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Àti òun náà. Òun náà pàtẹ́wọ́. Ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ dìde kó gbà mí mọ́ra...

Àǹtí mi. Olórí àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀ oògùn nílé iṣẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Orúkọ ọkọ ni àwa méjèèjì ń jẹ́, a ò sì jọra. Òun fúnra ẹ̀ ló pè mí lórí fóònù, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Àbúrò mi, jẹ́ ká panu mọ́ o. Kí wọ́n má lọ sọ pé o ṣojúsàájú fún mi." Ojúsàájú! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí mi, mi ò ní ṣe é. Mi ò sì ṣe é. Ṣé ẹnì kan lè sọ pé mo ṣe é?

Látàárọ̀ ló ti ń pè mí ní mà. Mà níhìn-ín, mà lọ́hùn-ún. Obìnrin tó máa ń rán mi lọ gbé bàtà rẹ̀ wá nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Mo bi í. Mo ní: "Ìwọ̀n èròjà tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ yẹn, inú kí ló wà?" Kíá ló dáhùn. "Inú mìlílítà márùn-ún, mà." Ó gbé àgbọ̀n sókè. Mo ní: "Ṣé ó dá yín lójú?" Ó ní ó dá òun lójú. Mo mu tíì mi díẹ̀. Mo gbé ife kalẹ̀ jẹ́jẹ́, mo wò ó, mo gbé ìpéǹpéjú kan sókè — mo mọ ìgbà tí mo gbé e sókè, kò ṣèèṣì lọ sókè — mo tún ní: "Ṣé ó dá yín lójú dáadáa?" Ó bojú wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mo ní kó tún un sọ, kí gbogbo ilé gbọ́. Ó tún un sọ, àmọ́ ohùn ti ń fà. Mo mí kanlẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń bá olódo sọ̀rọ̀. Mo ní: "Mo tún ń bi yín o." Ó wá ní... ó wá ní: "Ṣíbí... ṣíbí kan, mà?"

Mo kọjú sí àwọn yòókù. "Ẹ ti gbọ́."

Oníbàtà-ṣóńṣó ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Òun ni wọ́n ti ń múra ẹ̀ sílẹ̀ fún àga Àǹtí mi, gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ̀. Ẹ̀rín yẹn gùn. Mi ò dá a dúró.

Ó dáa, kí ló wà níbẹ̀? Bí olùyẹ̀wò ṣe ń ṣe nìyẹn! Wọ́n á bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún bi ọ́, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá o ń há a sórí ni tàbí o mọ̀ ọ́n. Bó bá mọ̀ ọ́n lóòótọ́, kí ló dé tó yí i padà? Ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà ló kọ́kọ́ sọ... tó fi sílẹ̀... fún ohun tí wọ́n ti ń pa rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi tèmi ni?

Àmọ́ mi ò bi àwọn yòókù bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń yẹ oògùn wò kí wọ́n tó gbé e jáde, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan, mo ní ó dáa. Oníbàtà-ṣóńṣó tiẹ̀ ṣì í! Ó pe orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń di oògùn dípò èyí tó ṣe é. Mo ní kó fara balẹ̀ tún un rò. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Mo bá a mú ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu, díẹ̀ ló kù kí n fi ṣíbí bọ́ ọ...

Ó rẹ̀ mí ni. Àárọ̀ ṣì ni nígbà tí mo bi àwọn yẹn, ara mi ṣì yá. Tàbí...

Kò sóhun tó ṣe mí. Kí ló fẹ́ ṣe mí? Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, nílé màmá wa, tí gbogbo ẹbí pé jọ, ó na ìka sí mi láàárín èrò. "Ẹ ò rí ọmọ yìí bó ṣe di èèyàn ńlá? Èmi ni mo pọ̀n ọ́n o! Èmi ni mo kọ́ ọ ní A-B-D. Ẹ̀yìn mi yìí ló tọ̀ sí títí tó fi gbọ́n." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó fà mí lẹ́tí, ní ọjọ́ orí mi yìí, níwájú àwọn ọmọ mi, ó ní ṣé irọ́ lòun pa. Kò pa irọ́. Ìyẹn gan-an ni ìyọnu ibẹ̀. Bí mo bá gbowó oṣù, òun ló pọ̀n mí. Bí mo bá kọ́lé, òun ló pọ̀n mí. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Kò sí arankàn kankan nínú ẹ̀. Ká ní ó tiẹ̀ ní arankàn ni, ǹ bá mọ ibi tí mo máa gbá mú.

Ẹ wò ó, ká fi ìyẹn sílẹ̀. Iṣẹ́ ni mo wá ṣe.

Ọ̀gá àgbà ò fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dúró síbi ilẹ̀kùn yẹn, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ má ṣe àlàyé kankan fún mi. Ó ti ṣe tán, tàbí kò tíì ṣe tán. Ẹni tí kò bá tíì ṣe tán, mo ti lẹ́lòmíì." Kí wọ́n tó ṣíwọ́ lónìí ló fẹ́ gba ohun tí mo kọ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Orúkọ Àǹtí mi nìyí lójú kọ̀ǹpútà mi, àyè ẹ̀ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àmì kékeré yẹn ń ṣẹ́jú ṣáá, ó ń dúró dè mí. Bí mo bá kọ "kò tíì ṣe tán", wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ilé wo? Ọkọ rẹ̀ ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tí apá àti ẹsẹ̀ kan ti rọ, owó oṣù ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ. Ta ló máa gba arúgbó obìnrin síṣẹ́? Kì í ṣe arúgbó náà sá, àmọ́ wọ́n á pè é bẹ́ẹ̀. Mo mọ gbogbo ẹ̀. Kò sí èyí tí mi ò mọ̀.

Jẹ́ kí n wá ẹ̀rí mìíràn nínú àwọn ìdáhùn rẹ̀, kó má jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ṣíbí nìkan ni. Orúkọ èròjà ńkọ́? Ó gbà á. Nọ́ńbà? Ó gbà á. Ibi tí wọ́n ti ṣe é, ọjọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí i... ó gbà á, ó tiẹ̀ rántí èyí tí èmi gan-an ti gbàgbé. Mo tún padà sókè. Mo ń wá a bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Àṣìṣe kan péré! Ṣé kò ní sí ọ̀kan péré ni?

Kò sí. Ó mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀. Àyàfi ibi tí mo ti gbé ìpéǹpéjú sókè.

Mo ti tẹ̀ ẹ́. "Kò tíì ṣe tán." Nígbà wo ni mo tẹ̀ ẹ́? Ó dáa, mo lè pa á rẹ́, mi ò tíì fi ránṣẹ́...

Òun nìyẹn. Ó ti bọ́jú, omi ṣì wà létí irun rẹ̀. Kò sunkún, ó mà ṣe o, kò sunkún. Ilẹ̀kùn gíláàsì yìí ò pa dé tán, mo gbọ́ ọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé rẹ̀: "Bá mi ṣí àkọsílẹ̀ oògùn ikọ́ yẹn. Yọ mìlílítà yẹn kúrò, ṣíbí kan ni kó o fi síbẹ̀. Tètè, ká tó padà wọlé." Ara rẹ̀ balẹ̀. Kí ló dé tí ara rẹ̀ balẹ̀?

Ó gbójú sókè. Ó rí mi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kí ẹnikẹ́ni má rí i — ó ṣẹ́jú kan sí mi.

Yéè.

Ó rò pé mò ń ta á lólobó ni. Gbogbo ìbéèrè yẹn, "ṣé ó dá yín lójú, ṣé ó dá yín lójú", ó rò pé àbúrò òun ló ń dọ́gbọ́n sọ fún òun pé ibẹ̀ kọ́. Ó lọ jókòó nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó rò ó títí, ó sì rí ìfẹ́ níbẹ̀. Ó rí ojúsàájú tó ní kí n má ṣe. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo lè dìde. Ilẹ̀kùn nìyí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: Àǹtí mi, ẹ dá a padà, ẹ̀yin lẹ gbà á. Akọ̀wé ti ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ tí mò ń pariwo wọn láàárọ̀ ńkọ́? Ṣíbí ọbẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ mi wà lábẹ́ tábìlì bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì.

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn gan-an.

Ó fọwọ́ gbá àyà rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí ẹ̀. Mo ń wá ìbínú kan nínú ara mi tí mo lè di gbogbo èyí rù, mi ò rí i. Inú ò bí mi rárá. Ó ń dùn mọ́ mi ni. Látàárọ̀ ló ti ń dùn mọ́ mi.