Ojú Ọ̀tún Awakọ̀

Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí n má parọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ mi fi wa ọkọ̀ ojú irin láì pẹ́ dé ibi kankan rí, Awakọ̀ ni gbogbo wa sì ń pè é. Ìkánjú yẹn náà ló wá fẹ́ gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe sí ojú rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ti ṣe tòsì. Dókítà ní bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìṣe tọ̀tún, ó lọ nìyẹn. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ nìkan la gbójú lé. Bí èèyàn bá sì gbà á ju iye kan lọ láàárín ọdún kan, owó orí á jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ̀kọ. A bá ṣètò pé kó gba ìdajì lóṣù Kejìlá, kó gba ìyókù lóṣù Kìíní.

Ṣé kí Awakọ̀ dúró? Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọdún tuntun wọlé ló ti gbé fọ́ọ̀mù kejì lọ. Ó ní òun ò fẹ́ tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni! Wọ́n sanwó lójú ẹsẹ̀, owó orí sì gbé owó ojú ọ̀tún mì.

Mo wọ́ ọ lọ sí ilé iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì. Ọmọbìnrin tó ń ṣètò fọ́ọ̀mù ò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ.

“Ẹ rí arúgbó tó ń ṣe ara ẹ̀ léṣe, ẹ ò sì lè ní kó dúró ọjọ́ mẹ́ta péré?” Mo gbá tábìlì. “Ṣé ẹ ò ní bàbá nílé ni?”

“Ẹ má bínú, mà. Bàbá yìí ò bi wá léèrè.”

“Wọn ò bi yín! Ẹ gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀!”

Awakọ̀ fa aṣọ mi. “Ìyá àwọn ọmọ, ó ti tó.”

“Kò tó! Ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.”

Ọmọbìnrin náà tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. “Àmọ́ mà, kí ló dé tí ẹ ò gba ìdajì nínú tiyín? Owó ìfẹ̀yìntì yín láti ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn tí ẹ ti ṣiṣẹ́ wà níbí, ẹ ò tíì fọwọ́ kàn án rí. Ká ní ẹ̀yin méjèèjì jọ pín in gbà ni, owó orí ì bá má mú nǹkan kan.”

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò lórí tábìlì.

Ìyá mi ló kọ́ mi pé obìnrin kì í fi gbogbo àpò ẹ̀ han ọkọ. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo sọ fún Awakọ̀ pé aago ògiri kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi. Ó bá mi kẹ́dùn. Ó tiẹ̀ lọ bá ọ̀gá mi jà nítorí mi. Ta ni mo wá ń pariwo lé lórí láti àárọ̀?

Ó yíjú sí mi, ó sì fi ojú òsì wò mí títí.

“Aago yẹn,” ó ní, “èmi ni mo ń pààrọ̀ bátìrì ẹ̀.”

Ojú tì mí. Mo ní kí ọmọbìnrin náà fún mi ní fọ́ọ̀mù tí n ó fi gba owó tèmi fún ojú ọ̀tún. Mi ò tètè kọ ọ́ tán. Awakọ̀ jókòó tì mí, kò sì sọ pé kí n ṣe kíá.