Aago Méjìlá ti Ákírà

Àsìkò ìrun Àsùbáà ni Màmá wa kú nílé mi ní Ìgàndò. Kò tíì ju aago mẹ́fà lọ tí mo fi pe Jàfárù, àbúrò mi tó ń gbé ní Ákírà ní ilẹ̀ Gánà. Kò wù mí láti pè é, àmọ́ ọmọ ìyá kan náà ni wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sin wọ́n kí n tó dé," ó ní. "Mo fẹ́ rí ojú wọn. Mo máa wọ bàálù aago méjìlá. Wákàtí kan péré ni."

"Irú èyí náà lo sọ nígbà tí Bàbá kú."

Ọdún mọ́kànlá rèé, mi ò gbàgbé. Gbogbo ẹbí jókòó dè é ní Ọ̀yọ́ títí a fi sin Bàbá. Ó ní wọ́n ti bọ́dà pa. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti òfúrufú náà ni. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá pè, ìyàwó mi Fàdìlàt ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà, ṣùgbọ́n ìṣírò kì í dà mí láàmú. Ẹni tó ti ń gé tìmùtìmù àga láti ọgbọ̀n ọdún ní Ìkọ̀tún, ó gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n. Bàálù gbéra ní méjìlá, ó balẹ̀ sí Ìkẹjà láago kan. Ẹ fi wákàtí kan sí i dé Ìgàndò. Aago méjì, kó wà níwájú mi.

Wọ́n wẹ Màmá, wọ́n fi líkáfáànì dì wọ́n, wọ́n ṣí ojú wọn sílẹ̀ de Jàfárù. Sàréè ti wà lẹ́yìnkùlé. Ààfáà Wàsíù ní òun lè dúró títí di ìrun Alásárì, ní nǹkan bí aago mẹ́rin.

Aago ògiri lu méjì. Jàfárù kò dé. Mo pe fóònù rẹ̀, kò wọlé.

"Ó tún ti ṣe é," mo ní.

"Bàbá Súmbọ̀, ẹ jẹ́ ká dúró," Fàdìlàt ní. "Bóyá wọ́n ṣì wà lókè."

"Bàálù wákàtí kan? Àbí ó yà gbé èrò ní Kútọnu ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi. Nígbà tó di méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, èmi fúnra mi ni mo bo ojú Màmá. Ààfáà kírun sí wọn lára, a gbé wọn wọlẹ̀.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Jàfárù wọlé. A ṣì ń fọ erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Ó wo sàréè, báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàálù kò mà pẹ́," ó ní. "Méjìlá géérégé la gbéra."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo wo aago tó so mọ́ ọn, kí n lè já irọ́ rẹ̀. Méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀.

"Aago rẹ ti kú."

"Kò kú, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò tíì yí i ni. Wákàtí kan ni aago yín fi ṣáájú tiwa. Méjìlá tiwa, aago kan tiyín ni."

Ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé iyẹ̀pẹ̀ tútù náà.

"Ààfáà ni kò lè dúró, àbí?"

Fàdìlàt wò mí.

"Òun ni," mo ní.

Ọjọ́ mẹ́jọ tí Jàfárù lò, kò dáhùn ìkíni Ààfáà Wàsíù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá pè báyìí, èmi ni mo ń gbé fóònù. Màá kọ́kọ́ wo aago ògiri, màá yọ wákàtí kan kúrò, a ó sì sọ̀rọ̀ òjò. Tí ọ̀rọ̀ bá dé orí Ààfáà, á ní òun kò ní gbàgbé láé.

Mo mọ̀ pé kò ní gbàgbé. Ọmọ ìyá mi ni.