Ọkọ̀ Pupa Tí Buck Tolliver Fi Orí Rù dé Toledo

Buck Tolliver, tó ń ta ọkọ̀, ní orí òun lòun fi ru ọkọ̀ pupa náà láti etí òkun Baltimore dé Toledo, níjẹta. Ó ní ọkọ̀ ojú omi tó kó o wá láti Kòríà kò tíì dúró dáadáa tí àwọn aṣọ́bodè fi bò ó bí eṣinṣin. Wọ́n tó ẹgbẹ̀rún kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sanra bí àgbá epo, wọ́n ní àfi kí òun san owó ibodè tuntun tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lé ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Òun bẹ̀bẹ̀. Òun sunkún títí òkun fi kún àkúnya, tí ẹja ń wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra búrẹ́dì. Wọn ò gbọ́. Òun bá fi ìbínú sanwó náà, òun gbé ọkọ̀ karí, òun sì gba orí àwọn òkè ńlá wọ Ohio láìdúró tọ̀.

"Ẹ wo àtàrí mi, àǹtí," ó tẹrí ba fún obìnrin tó fẹ́ ra ọkọ̀. "Ọkọ̀ yìí ló họ gbogbo irun ibẹ̀ lọ."

Verna Sobczak wo àtàrí náà. Ó pá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọdọọdún nígbà Lẹ́ǹtì lòun àti Buck jọ ń tò fún ẹja díndín ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, orí náà sì ti ń dán bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bí Buck ṣe tẹrí ba báyìí, ẹyẹ aláyà pupa kan já láti òfuurufú, ó sọ ọ́ lórí, ó sì fò lọ.

"Ẹ ò rí i?" Buck fọwọ́ pa orí. "Gbogbo ẹyẹ láti ibí dé Kánádà ló nífẹ̀ẹ́ mi."

Ẹ̀rín kọ́ ló gbé Verna wá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ kú sáàárín oko àgbàdo. Kò ṣàìsàn. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tu èéfín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀sán dòru, ó sì kú. Dell, mẹkáníìkì ilé ìtajà ọkọ̀ yìí gan-an, ló yẹ̀ ẹ́ wò tó ní kó lọ sin ín. Iṣẹ́ Verna kò sì ṣeé fẹsẹ̀ ṣe. Àwọn arúgbó tó wà káàkiri abúlé ló ń wẹ̀ fún, tó ń fọ egbò wọn. Bàbá kan wà nínú wọn, Ambrose Gill, tó lẹ́sẹ̀ wíwú, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Nọ́ọ̀sì tó gbìyànjú rẹ̀ kẹ́yìn, ife tíì ló fi lé e jáde. Àwọn ọ̀gá Verna ti sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: bí Mọ́ńdè bá dé tí kò sí ọkọ̀, ẹlòmíràn á gba àwọn arúgbó rẹ̀. Òní sì ni Sátidé.

Bánkì ti gbà láti yá a lówó. Iye tí wọ́n ń ta irú ọkọ̀ yìí kó tó di pé owó ibodè dé ni wọ́n yá a, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún dọ́là, wọ́n ní àwọn ò ní fi ẹyọ kan lé e. Àárọ̀ yìí ló dé tó bá ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lára gíláàsì iwájú ọkọ̀ pupa náà. Èyí tó funfun tó jẹ́ ìbejì rẹ̀ ni Buck gbé fún un láti fi dán an wò, nítorí pupa há sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ó wà á yí àdúgbò ká, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i, àmọ́ wọ́n ti ta funfun. Pupa nìkan ló kù.

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sídìí tábìlì Buck. Verna bi í pé ta ló ń jẹ owó ibodè ọ̀hún gan-an.

"Ìjọba ni," Buck dáhùn. "Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹni tó kó ọkọ̀ wọlé. Ìyẹn á gbé e lé àwa lórí. Àwa á gbé e lé yín lórí. Ẹ̀yin lẹ kẹ́yìn, àǹtí, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e lé."

Èyí tí wọ́n ṣe nílé níbí ńkọ́? Buck ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ó ní nọ́ọ̀tì ara ọkọ̀ ilẹ̀ yìí máa ń rìnrìn àjò lọ sí Mẹ́síkò àti Kánádà ju bàálù lọ kó tó di ọkọ̀, òun sì mọ nọ́ọ̀tì kan tó gbọ́ èdè mẹ́ta. Verna rọra wò ó. Ó ní kó bá òun bẹ ọ̀gá rẹ̀.

Buck dìde bí ẹni tó ń lọ sógun. Bí wọ́n ti máa ń ṣe é nìyẹn ní ilé ìtajà ọkọ̀ gbogbo: ẹni tó ń tà á fún ọ á wọ ẹ̀yìn lọ, á ní òun ń bá ọ̀gá jà nítorí rẹ, ìwọ á jókòó máa mu kọfí tó ti tutù. Ó pẹ́ kó tó jáde, ó ń nu òógùn.

"Ọ̀gá mi, ìyá yẹn, gbá mi létí lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. "Ó ju àga. Ṣùgbọ́n mo gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ máa gba kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́."

Ṣúgà dónọ́ọ̀tì wà nínú irunmú rẹ̀, ó funfun báláú. Verna rí i. Owó tó ti tọ́jú láti fi tún eyín àti òrùlé ilé rẹ̀ ṣe ló ń rò, òun nìkan ló lè fi dí ẹgbẹ̀rún márùn-ún tó kù. Ṣé kò lè máa fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun fún ọdún kan sí i? Òjò ń jò sí yàrá ẹ̀yìn, àmọ́ báàkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Ó rántí bàbá Gill pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ó mú bírò.

Bírò kò tíì kan ìwé tí Buck fi sáré sídìí agogo idẹ tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Agogo ọ̀hún, ìgbà tí wọ́n bá ta ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń lù ú. Buck lù ú bíi pé ilé ń jó. Àwọn ará ibẹ̀ jáde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Dell jáde pẹ̀lú ọwọ́ tí epo ọkọ̀ ti sọ di dúdú. Màmá Lundy, tó ni ilé ìtajà náà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kú, yọ pẹ̀lú ọ̀pá àti ife kọfí. Ó kí Verna kú oríire, ó ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé oníbàárà wà níta, láti àárọ̀ lòun ti dá jókòó sí ọ́fíìsì bíi tòmátò tí wọ́n gbàgbé sínú àwo.

Verna yíjú sí Buck. Buck ń wo àjà.

Àṣà agogo ni pé lẹ́yìn ìlù, ẹni tó rajà á lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ya fọ́tò. Gbogbo wọn bá rọ́ lọ sẹ́yìn ọgbà. Buck gbé fóònù rẹ̀ lé Dell lọ́wọ́ pé kó yà wọ́n, ó fa ikùn wọlé, ó gbé apá lé òrùlé ọkọ̀ pupa. Ni ẹyẹ aláyà pupa bá tún já. Ó sọ ọ́ lórí, ó yí po, ó tún sọ ọ́. Verna gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan nísàlẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ bá jí.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láàárín táyà ẹ̀yìn àti irin tó bò ó, ìtẹ́ ẹyẹ kan jókòó. Koríko àti ẹrẹ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́, ẹrẹ̀ náà ti gbẹ gan-an. Ọmọ ẹyẹ mẹ́ta la ẹnu sókè nínú rẹ̀, ìyẹ́ ti ń hù lára wọn.

"Buck," Verna kò tíì dìde, "níjẹta lo ní o fi orí ru ọkọ̀ yìí dé?"

"Níjẹta, àǹtí. Orí yìí náà ni."

"Àwọn ọmọ yìí ńkọ́?"

Buck yọjú wo ìtẹ́ náà. Ó ní ọmọ Kòríà ni wọ́n. Ó ní lórí òkun ni ìyá wọn ti yé wọn, pé òun gan-an ń gbọ́ igbe wọn lókè orí òun nígbà tóun ń sọ̀kalẹ̀ òkè.

Màmá Lundy fi ọ̀pá ti koríko tó hù yí táyà náà ká. Ó ga dé orókún rẹ̀. "Koríko yìí náà, o rù ú wá ni?" Ó bi Verna ní iye tí wọ́n pè fún un. Verna sọ ọ́, ó sì fi ìtàn ìgbátí méjì àti àga kún un. Ìyá arúgbó náà fi ọ̀pá kan ọkọ̀ pupa náà.

"Gbọ́, ọmọ mi," ó ní. "Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á wọ́n, mi ò ní tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀ lèyí ti dé, kò san kọ́bọ̀ owó ibodè tuntun. Mo ti sọ fún gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ mi pé iye àtijọ́ ni ká tà á. Iye àtijọ́ náà lo máa san."

"Ẹ ṣeun, màmá. Ṣé mo lè gbé e lónìí?"

"O ò lè gbé e. Òfin ò gbà ká fọwọ́ kan ìtẹ́ ẹyẹ tó lọ́mọ. Títí wọ́n á fi fò, ọkọ̀ tèmi ni kó o máa fi ṣiṣẹ́. Dell á bu epo sí i." Ó wá yíjú. "Buck. Létí ọ̀tún ni mo ti gbá ọ, àbí tòsì?"

Buck fọwọ́ kan àpò. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbé fóònù mi, ó ń dún."

"Fóònù ẹ nìyí," Dell nà án sókè.

Buck wo fóònù. Ó wo Màmá Lundy. Ẹyẹ já lẹ́ẹ̀kẹta, Buck sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó gba àárín àwọn ọkọ̀ kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ọmọlangidi tí afẹ́fẹ́ ń mú jó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bo àtàrí tó gbé ọkọ̀ kọjá òkè, ẹyẹ tí kò ju ìkúùkù lọ sì ń lé e lọ.

Verna wò ó títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú koríko etí títì. Ìgbà náà ló rí i pé bírò ṣì wà lọ́wọ́ òun, ó ṣí sílẹ̀, kò tíì kọ ohunkóhun. Ó fi ìdérí rẹ̀ dé e. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìtẹ́ náà, ó sì kúrò lójú ọ̀nà, kí ìyá àwọn ọmọ ẹyẹ lè ráyè wọlé nígbà tó bá dé.