Ẹ Má Tíì Sunkún Tèmi

Ọ̀gá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nílùú òyìnbó ní kí gbogbo wọn sọ tinú wọn lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara, pé ẹnikẹ́ni ò ní bínú. Ni gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ Gólì, torí òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Ara fu ú. Ẹ̀rín ọ̀gá ti pọ̀ jù. Ejò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

"Má bẹ̀rù, àbúrò," ni ọ̀gá wí. "Gólì tó wà níbí ṣáájú ẹ sọ tiẹ̀ láìfepo bọyọ̀. Gbogbo wa la sunkún."

"Ẹ kú ẹkún, sà. Ibo ló wà báyìí?"

Ọ̀gá gbé omi mu.

Gólì rántí jẹ́sì tí wọ́n fún un, tí àpá orúkọ ẹlòmíràn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "ẹ má tíì sunkún tèmi."