Ẹyìn Ọlọ́jọ́ Márùn-ún

Ní agogo mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2023, ni owú wọ inú Adérónkẹ́. Òkukù ni ó wà lọ́jọ́ náà, ní ibùdó Ọ̀gbẹ́ni Mákánjúọlá, ẹni tí ń kó epo pupa jọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ọdún méjìdínlógún ni epo tí Adérónkẹ́ ń fún fi ń ṣíwájú níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọkùnrin náà bu epo rẹ̀ sínú ife, ó dán an wò, ó mi orí, ó sì ti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ìyá Àyànfẹ́, epo yín ti kan. Bisikíìtì ni àwọn oníbàárà mi ń fi í ṣe. Gbogbo ayé ni ó ń wá epo, fún oúnjẹ, fún ọṣẹ, fún ìpara, bẹ́ẹ̀ ni ti Màléṣíà kì í kan. Ẹ wo ti Fọláfúnmi.”

Fọláfúnmi! Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin ní ẹbu wọn ní Inísà, níbi tí wọ́n ti ń fọ epo.

Láti ọjọ́ náà, èéfín ààrò Fọláfúnmi kò fẹ́ sí ojú ẹlòmíràn mọ́ bí kò ṣe ojú Adérónkẹ́. Ẹ̀rín rẹ̀ ń gún un létí. Adérónkẹ́ a máa fi ewé bo ìdì ẹyìn fún ọjọ́ márùn-ún kí èso lè tètè já, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Fọláfúnmi a máa fi àáké là á, a sì sè é lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé e. Ìwàǹwára ni Adérónkẹ́ ń pe ìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, irin ẹ̀rọ tí Fọláfúnmi fi ń fún epo kán. Ajórin-mọ́rin tí ó wà ní Ìkìrun sọ pé ó di ọjọ́ Ajé kí òun tó lè jó o. Ẹyìn tí ó ti sè sì kún dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta. Bí ó bá dúró títí di ìgbà náà, yóò kan. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Mákánjúọlá àti ọkọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ wá kó epo. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó kù ní ẹbu, inú àgọ́ Adérónkẹ́ ni ó sì wà.

Fọláfúnmi kúnlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi ní ẹ̀rọ yín.”

“Ẹ̀rọ tí ó fún epo kíkan ni ìwọ fẹ́ yá?”

“Ẹ̀rọ yín kò ṣe nǹkan kan, mà. Ọjọ́ márùn-ún tí ẹyìn fi ń sùn lábẹ́ ewé ni ó ń mú epo kan.”

“Ẹnu rẹ ṣì mú bí àáké rẹ.”

Adérónkẹ́ di kọ́kọ́rọ́ àgọ́ mú. Kí ó kàn sọ pé rárá ni, ọmọ náà yóò dúró lásán níwájú Mákánjúọlá gẹ́gẹ́ bí òun ti dúró. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, epo ta ni ọkùnrin náà yóò gbà? Kì í ṣe tirẹ̀. Ìlú Ìbà ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò yà sí láti ra epo. Ó wo òkìtì ẹyìn rẹ̀ lábẹ́ ewé. Òórùn kíkan ti ń jáde, ó sì ti mọ òórùn náà tipẹ́.

Ó ju kọ́kọ́rọ́ náà sí i.

“Lọ fún ẹyìn tìrẹ. Ìdì ogún tí wọ́n gé láàárọ̀ yìí wà lẹ́yìn àgọ́. Gbé àáké rẹ wá, kí o sì jẹ́ kí n rí bí o ṣe ń là á. A ó sè é lónìí.” Ó yí ojú kúrò. “Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kẹ́ẹ̀gì tèmi ni wọn yóò kọ́kọ́ dán wò.”